Àkísà Inú Imú Ẹ́ńjìnnì

Ẹ́ńjìnnì ni èmi àti Sùrájù fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Àgbàlá kan náà la jọ ń lò ní Olódì-Àpápá, lórí ilẹ̀ ìdílé Àlàájà Rekiat, abẹ́ igi fúrúùtù kan náà la sì ti ń tún lọ́rì ṣe. Ọwọ́ òsì ni tèmi, ọwọ́ ọ̀tún ni tirẹ̀. Ògbólógbòó taya la tò sí àárín láti ìdí igi dé ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ dá a kọjá nínú àwa méjèèjì.

Bí sípánà mi bá sọnù, màá doríkodò sínú bónẹ́ẹ̀tì, màá ní, "Ẹ́ńjìnnì, ǹjẹ́ o rí ẹni tó gbé sípánà mi? Bí o bá rí i, ní kó dá a padà."

Sùrájù náà á ti orí bọ inú lọ́rì tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì, sọ fún ẹni yẹn kó wo abẹ́ ìdí ara rẹ̀. Orí ẹ̀ ló jókòó lé."

Màá dìde, màá sì rí sípánà lábẹ́ ìdí mi lóòótọ́. Mi ò ní dúpẹ́. Ta ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ́ńjìnnì?

Ó ti mọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà lára. Ìgbà tí Ovie kọ́kọ́ gbé lọ́rì rẹ̀ wá, ó wò mí, ó wo Sùrájù, ó ní, "Ọ̀gá, àbí ẹ́ńjìnnì yín ń gbọ́ Yorùbá ni? Tèmi, Urhobo ló ń gbọ́ o." Sùrájù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ rín in.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ọlálérè la ti jọ kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn Warehouse Road, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí n tó kúrò nílé ìwé. Sùrájù dé láti Ẹ̀pẹ́ ní ọdún tí èmi náà dé. Orí ẹní kan là ń sùn, inú abọ́ kan la ti ń jẹun.

Ọ̀gá wa fẹ́ràn imú ẹ́ńjìnnì ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń pè é ní fílítà, ṣùgbọ́n imú lòun ń pè é. Ó máa ń sọ pé, "Gbogbo èèyàn ló ń rántí pé ẹ́ńjìnnì ń jẹun. Wọ́n á bu dísẹ́ẹ̀lì fún un, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ta ló ń rántí pé ó ń mí?" Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wa, ó tan lọ́rì kan, ó tú hóòsì ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó ní kí n rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sún mọ́ ẹnu páìpù. Ẹ́ńjìnnì náà fà mí lọ́wọ́ mọ́ra bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fa ọmú. Mo já ọwọ́ mi gbà, Sùrájù sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó kan òun, igbe ló ké.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Afẹ́fẹ́ á gba ẹnu òkè wọ inú agolo ńlá kan tó ní ọ́ìlì nísàlẹ̀. Yóò sáré lọ sísàlẹ̀, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kó kan ọ́ìlì, yóò ṣẹ́rí padà sókè lójijì. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́, ó lè ṣẹ́rí. Eruku wúwo, kò lè ṣẹ́rí, inú ọ́ìlì ló ń já sí. Eruku tó bá yọ́ bọ́ á há sínú wáyà tó wé mọ́ra bíi kànìnkànìn, tí ọ́ìlì ti rin. Afẹ́fẹ́ tó ti mọ́ á wá gba inú hóòsì rọ́bà kọjá sínú páìpù onírin, páìpù náà á pín sí ẹ̀ka, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn sílíńdà tirẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn là ń pè ní fáàfù. Bí pístìnnì, irin tó ń gòkè tó ń sọ̀ nínú sílíńdà, bá ń lọ sísàlẹ̀, fáàfù á ṣí, afẹ́fẹ́ á ya wọlé. Fáàfù á tì, pístìnnì á gòkè wá, á fún afẹ́fẹ́ yẹn pọ̀ títí á fi gbóná débi pé bí dísẹ́ẹ̀lì bá kàn án báyìí, iná ti sọ. Ibẹ̀ ni agbára lọ́rì ti ń wá. Bí imú bá dí, èéfín dúdú ni wàá máa rí, lọ́rì ò sì ní lè gun afárá. Bí kílíìpù tó di hóòsì mú bá dẹ̀, eruku á gba ibẹ̀ wọlé, á máa họ ògiri sílíńdà títí ẹ́ńjìnnì á fi kú.

Nítorí eruku yìí, Ọ̀gá ní òfin kan. Bí o bá ti tú imú kúrò láti fọ̀ ọ́, fi àkísà mímọ́ dí ẹnu páìpù, kí iyanrìn má baà bọ́ sí i. Ẹni tó bá fi àkísà síbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Kò gbọ́dọ̀ rán ẹlòmíì.

Nígbà tí firídọ̀mù èmi àti Sùrájù, ìyẹn òmìnira iṣẹ́, ku díẹ̀, a jọ tú imú lọ́rì kan tó fẹ́ lọ sí Kánò. Ọ̀gá rán mi lọ ra kẹrosíìnì tí a ó fi fọ wáyà. Nígbà tí mo padà dé, Sùrájù ti fi kẹrosíìnì tó wà nílẹ̀ fọ̀ ọ́, ó sì ti dá imú padà sáyè rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tan ẹ́ńjìnnì. Ó dún, ó wúkọ́, ohun kan fọ́ nínú rẹ̀ gbàù, ó sì kú. Ọ̀gá tú hóòsì, ó ki ọwọ́ bọ páìpù, ó fa àjákù aṣọ kan jáde. Aṣọ náà ní ìlà búlúù.

"Ṣẹ́ẹ̀tì ta nìyí?"

"Tèmi ni tẹ́lẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ àkísà. Gbogbo wa là ń mú níbẹ̀."

Ọ̀gá yíjú sí Sùrájù. "Sùrájù, ta ló fi síbẹ̀?"

Sùrájù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Àwa méjì péré la fọwọ́ kan lọ́rì yẹn. Mo mọ̀ pé èmi kọ́, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni Ọ̀gá pè níwájú gbogbo ọmọ iṣẹ́, ó ní èmi ni mo fi síbẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ firídọ̀mù pé, Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé Sùrájù lórí, ó gbàdúrà fún un níwájú gbogbo ẹgbẹ́ mẹkáníìkì. Bàbá Sùrájù wá láti Ẹ̀pẹ́ nínú agbádá funfun. Èmi dúró lẹ́yìn àga, mò ń ṣí ìgò mínírà fún àwọn àlejò. Ọ̀gá ní kí n fara balẹ̀, pé tèmi di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ ò tíì pé tí àìsàn fi mú Ọ̀gá lọ. Bó ṣe di pé kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ lé mi lórí nìyẹn. Títí di òní, mò ń ṣiṣẹ́ láìgba òmìnira.

Àlàájà Rekiat ló ní kí àwa méjèèjì wá máa lo àgbàlá yìí, nítorí ó mọ Ọ̀gá wa dáadáa. Kò mọ̀ pé ìjà wà. Nígbà tó fi máa mọ̀, èmi ti fi ilé irin mi ti ẹ̀gbẹ́ kan, Sùrájù ti fi tirẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣé èmi ni kí n kúrò fún un ni?

Láídé ìyàwó mi ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mushin. Ó ní gbogbo alẹ́ tí òun bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ ni òun ń bá Sùrájù jẹun, Sùrájù tí òun ò rí sójú rí. Láti ìgbà yẹn, èmi nìkan ló wà nínú yàrá mi l'Ájégúnlẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín Chinwe àti àwọn ọmọ rẹ̀ láti yàrá kejì, mo máa ń gbọ́ rédíò wọn, mo mọ orin tí wọ́n fẹ́ràn. Bí mo bá wọlé, kò sí ohun tí màá sọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohùn tí mo bá lò lójúmọ́, inú bónẹ́ẹ̀tì ni mo ti lò ó.

Ní ọdún 1975, sìmẹ́ńtì gba Àpápá kan. Ọkọ̀ ojú omi tò sórí òkun lọ rẹrẹ, àwọn lọ́rì sì ń kó sìmẹ́ńtì láti etíkun àti láti Kirikiri tọ̀sán-tòru. Eruku rẹ̀ funfun lórí ewé igi fúrúùtù wa. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe eruku lásán. Bó bá pọ̀ nínú ọ́ìlì imú ẹ́ńjìnnì, á dì bí ẹ̀kọ, a ó sì máa fi ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé èmi àti Sùrájù kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìhà kejì taya. "Ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbọ́n mi tó ń di ilé wa mú ti kú. Àwọn ará ilé ní kí n máa bọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, mi ò sì ní padà wá mọ́."

Mò ń fọ wáyà lọ́wọ́. Mo fọ̀ ọ́ títí kẹrosíìnì fi dúdú. Ó yẹ kí n ní, "Ẹ́ńjìnnì, bá mi kí i kú ará fẹ́ra kù." Ó ti dé ẹnu mi. Mo wá rántí pé bó bá lọ báyìí, kò ní sí ẹni tó máa sọ ohun tí mò ń fẹ́ gbọ́ fún mi mọ́ láyé. Gbólóhùn kan ni mò ń retí láti ọjọ́ tí Ọ̀gá ti fa àjákù ṣẹ́ẹ̀tì mi jáde: kí Sùrájù dúró níwájú mi, kó wo ojú mi, kó ní òun ni.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà Rekiat fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ wá bá mi.

"Oyèkànmí, ọ̀rẹ́ rẹ ń lọ. O ò ní bá a sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ kú àbọ̀, mà. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́."

"Irin lò ń bá sọ̀rọ̀! Ṣé irin ló máa sin ẹ́ bó o bá kú?"

"Àlàájà, ẹ ní kó wá sọ ohun tó yẹ kó sọ lójú mi. Kò gùn. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni màá bá a gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sínú lọ́rì."

"Orí ẹ le," ló wí, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ Sùrájù. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni Ovie gbé lọ́rì rẹ̀ dé, ó sì gbé e kọjú sí ìhà Sùrájù. Òun ló fẹ́ kó ẹrù Sùrájù lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó fẹ́ kí Sùrájù gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà, nítorí ó ní ó ń mí bí ẹni tí òtútù mú. Ó ṣì jókòó sórí àga dẹ́rẹ́bà, ó tún tan án. Sùrájù ṣí bónẹ́ẹ̀tì.

"Ovie, ta ló fọ imú yìí gbẹ̀yìn?"

"Èmi ni, Ọ̀gá. Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí. Sìmẹ́ńtì ti pọ̀ jù, mo bá rọ ọ́ìlì kún un bámúbámú, kó lè mú gbogbo ẹ̀."

Mo gbọ́ ọ láti ìhà tèmi. Ìlà kan wà nínú agolo yẹn, ọ́ìlì ò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Bó bá kọjá, afẹ́fẹ́ á gbá ọ́ìlì mọ́ra, á fà á gba hóòsì wọ sílíńdà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ò sì mọ̀yàtọ̀. Ohunkóhun tó bá lè jó, yóò sọ ọ́ di oúnjẹ.

Kí n tó dìde, ẹ́ńjìnnì náà ti han. Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ń ròkè, ó ń ròkè, lọ́rì ń gbọ̀n jìgìjìgì, èéfín funfun sì bo igi fúrúùtù. Ovie fa okùn tí a fi ń pa á. Dísẹ́ẹ̀lì dúró, ẹ́ńjìnnì ò dúró. Ọ́ìlì ló ń jẹ.

"Ọ̀gá, e no gree die o!" Ovie fò jáde, ó sá dé ojú títì.

Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè fọ́, kí irin rẹ̀ sì fò jáde bí ọta ìbọn. Ohun kan ṣoṣo ló lè pa á: kí a gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Sùrájù mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sá. Ó já hóòsì kúrò lẹ́nu páìpù. Ọ́ìlì tó ti wà nínú páìpù ṣì pọ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń han. Mo rí i tó na ọwọ́ sórí àpótí rẹ̀. Àkísà ló mú. Ó ká a mọ́wọ́, ó fẹ́ ki ọwọ́ àti àkísà bọ ẹnu páìpù.

"Sùrájù! Kì í ṣe àkísà!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú afẹ́fẹ́.

Mi ò mọ ìgbà tí mo fo taya kọjá. Pákó pẹlẹbẹ tó máa ń fi jókòó ni mo rí, mo gbé e, mo fi dé ẹnu páìpù gbà, mo sì fi àyà tì í. Ẹ́ńjìnnì fa pákó náà mọ́ra, ó mì mí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì kú.

Ibi gbogbo dákẹ́. Sùrájù ṣì mú àkísà náà dání, ó ń wò ó. Ojú rẹ̀ dà bí ìgbà tí Ọ̀gá bi í léèrè.

"Oyèkànmí," ló wí.

Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró, mo ń retí ìyókù. Ó ní, "O pè mí."

Mo gbé pákó rẹ̀ kalẹ̀, mo kọjú sí inú bónẹ́ẹ̀tì. "Ẹ́ńjìnnì, sọ fún un pé mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni mò ń kìlọ̀ fún."

Mo sì fo taya padà sí ìhà tèmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ti kó ẹrù Sùrájù sínú lọ́rì Ovie. Sùrájù ti da ọ́ìlì tó pọ̀ jù nù, ó sì ti fọ páìpù mọ́. Mo tẹ orí bọ lọ́rì kan, mò ń di kílíìpù hóòsì rẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí taya. Mo gbọ́ tó bọ́ sílẹ̀ sí ìhà tèmi. Ó wá dúró tì mí, ó tẹ orí bọ inú bónẹ́ẹ̀tì náà, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Ẹ́ńjìnnì," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "àkísà ọjọ́ kìíní, èmi ni mo fi síbẹ̀. Wọ́n pè mí, mo gbàgbé. Nígbà tí Ọ̀gá bi mí, bàbá mi ti ránṣẹ́ pé òun ti rán agbádá tí òun fẹ́ wọ̀ wá. Ẹ̀rù bà mí. Bá mi sọ fún ẹni yẹn."

Ọwọ́ mi wà lórí kílíìpù. Gbólóhùn náà nìyẹn, ó pé, kò ku ohun kan. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ fún? Irin ni. Iwájú Ọ̀gá àti gbogbo ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ti dójú tì mí, orúkọ mi ni wọ́n sì pè. Kí ló dé tí wọn ò lè pe orúkọ náà nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe?

"Ẹ́ńjìnnì," mo ní, "sọ fún un pé orúkọ mi kì í ṣe ẹ́ńjìnnì."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ọ̀fun. "Ẹ́ńjìnnì, ṣé o gbọ́? Mo pe orúkọ rẹ̀ lánàá. Ìwọ ló dá lóhùn."

Ó dúró tì mí síbẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú bónẹ́ẹ̀tì. Bó bá pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ti múra láti yíjú. Bóyá òun náà ti múra láti pè mí bí mo bá kọ́kọ́ yíjú. Ovie fun fèrè lọ́rì.

"Ó dàbọ̀, ẹ́ńjìnnì," ni Sùrájù wí.

Mo gbọ́ tó fo taya kọjá. Nígbà tí lọ́rì náà gbéra, mo jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe nítorí tirẹ̀. Mo fẹ́ wo èéfín lọ́rì Ovie bóyá ó ti mọ́. Ó ti mọ́. Mo dúró wò ó títí ó fi yà, tí mi ò rí i mọ́.

Ẹnìkan ti wá bẹ Àlàájà pé òun fẹ́ gba ìhà ọ̀tún. Mo ní kí Àlàájà má tíì fún un. Taya wa ṣì wà nílẹ̀, sìmẹ́ńtì ti bò wọ́n funfun.

Lánàá, mò ń tún imú lọ́rì kan dì, mi ò rí sípánà mi. Mo doríkodò sínú bónẹ́ẹ̀tì, mo ní, "Ẹ́ńjìnnì, ǹjẹ́ o rí ẹni tó gbé sípánà mi?"

Mo dúró díẹ̀. Ewé fúrúùtù kan já sórí ilé irin Sùrájù. Mo dìde, mo wo abẹ́ ìdí mi. Kò sí níbẹ̀.